Ọ̀dọ̀ Ẹni Tó Ni Ẹ̀rọ Ni Ẹ̀rí Wà

Ẹni tó bá ń lo káàdì báńkì ní Nàìjíríà mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ̀rọ ATM á gba káàdì, á gba nọ́ńbà àṣírí, á béèrè iye tí èèyàn fẹ́, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó nínú, etí á sì máa gbọ́ ọ bó ṣe ń kà á. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. Káàdì á jáde, owó ò ní í jáde, fóònù á sì dún: báńkì ti yọ ₦20,000 kúrò nínú àkáǹtì. Bí onítọ̀hún bá dé báńkì lọ́jọ́ kejì láti fẹjọ́ sùn, wọ́n á bi í bóyá ó dá a lójú pé owó ò jáde, bóyá ó gba rìsíìtì, ẹ̀rí wo ló ní lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tí kò yẹ kí wọ́n bi ni wọ́n ń bi. Gbogbo ohun tó lè fi hàn bóyá owó jáde tàbí kò jáde, ọwọ́ báńkì ló wà, látorí àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ títí dórí owó tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Nítorí náà, báńkì ló yẹ kó mú ẹ̀rí wá, ó sì yẹ kó dá owó padà fún oníbàárà ná kó tó máa wá ẹ̀rí ọ̀hún kiri. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ ká máa tú irú ẹjọ́ báyìí wò, bí mo sì ṣe ń pẹ́ sí i nídìí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí túbọ̀ ń dá mi lójú.

Ká tó mọ ẹni tí ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ ká mọ ọ̀nà tí owó ń gbà. ATM kò mọ iye tó wà nínú àkáǹtì ẹnikẹ́ni. Ńṣe ló máa ń béèrè. Bí èèyàn bá ti tẹ iye tó fẹ́, ẹ̀rọ á fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí báńkì tó ni ín. Bí káàdì bá jẹ́ ti báńkì mìíràn, ìbéèrè náà á gba ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń so àwọn báńkì pọ̀, irú bí Interswitch tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002, kó tó dé ọ̀dọ̀ báńkì tó ni káàdì. Báńkì yìí á yẹ àkáǹtì wò, á yọ owó kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, á wá dáhùn pé kí ẹ̀rọ san án. Ìgbà tí èsì yìí bá dé ni ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó. Ìyẹn ni pé owó ti kúrò nínú ìwé kó tó kúrò nínú ẹ̀rọ. N kò bá wọn wí pé wọ́n ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí báńkì tó máa san owó tán kó tó wò ó bóyá olówó ní in. Àmọ́ àlàfo kékeré kan wà láàárín ìgbà méjèèjì, ibẹ̀ sì ni gbogbo wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀rọ kò bá lè san owó, ó yẹ kó tún ránṣẹ́ padà pé òun ò san án, kí báńkì dá owó sínú àkáǹtì tó ti yọ ọ́. Bí iṣẹ́ kejì yìí bá dé, oníbàárà á rí owó rẹ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ń rí i bẹ́ẹ̀ tí wọn ò tilẹ̀ ní dé báńkì. Ṣùgbọ́n bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, tàbí iná lọ lójijì, tí iṣẹ́ náà sì sọnù sójú ọ̀nà, báńkì tó ni káàdì á máa gbà pé owó ti dé ọwọ́ oníbàárà. Kò sí ẹni tó purọ́ níbẹ̀. Ìdajì ọ̀rọ̀ ló dé etí báńkì, òun náà ló sì fi ń dájọ́.

Ìdí mìíràn wà nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Àpótí owó bíi mẹ́rin ló sábà máa ń wà nínú ATM kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lè gba bébà owó tó ẹgbẹ̀rún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ á máa fa bébà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa wọn bó ṣe nípọn tó, kó lè mọ̀ bóyá méjì ló lẹ̀ mọ́ra. Èyí tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á jù ú sínú àpótí ọ̀tọ̀, á tún fa òmíràn. Nígbà tí iye bá pé, á kó wọn jọ, á gbé wọn wá sẹ́nu, ìlẹ̀kùn kékeré á sì ṣí. Ẹ̀rọ kan kì í sábà san ju ogójì bébà lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tí wọ́n kó ₦500 sí kì í fi í san ju ₦20,000 lọ lẹ́ẹ̀kan. Owó tó ti gbó, tó ti rọ̀, tí wọ́n ti ká mọ́nú ìró tí òógùn sì ti mu, òun ló máa ń há jù. Bí bébà kan bá há, ẹ̀rọ lè dá iṣẹ́ dúró, kó kó gbogbo ohun tó ti kà sínú àpótí àwọn tó kọ̀. Ó lè jẹ́ pé ìdajì ló jáde tí ìyókù kù sínú. Àwọn ẹ̀rọ kan sì wà tó jẹ́ pé bí èèyàn ò bá tètè mú owó, wọ́n á fà á padà. Ohun kan náà ló wà nídìí gbogbo rẹ̀: owó tí ẹ̀rọ kò san kò kúrò nínú àpótí irin yẹn. Kò sí ibòmíràn tó lè gbà lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí ẹ̀rọ, tí wọ́n ka ohun tó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì fi wé iye tí àkọsílẹ̀ sọ pé ó ti san, owó náà á yọjú. Ẹ̀rọ tó jẹ owó oníbàárà máa ń ní owó lé. Èyí tí oníbàárà purọ́ mọ́ kì í ní. Bí iye owó tó lé bá sì bá iye tí oníbàárà ń béèrè mu, n kò mọ ẹ̀rí tó tún ju ìyẹn lọ tí ẹnikẹ́ni lè máa retí.

Yàtọ̀ sí owó tí a kà, ẹ̀rọ ń kọ gbogbo ìṣe rẹ̀ sílẹ̀: ìgbà tí káàdì wọlé, ìgbà tí èsì dé, iye bébà tó fà láti inú àpótí kọ̀ọ̀kan, iye tó kọ̀, ìgbà tí ìlẹ̀kùn ṣí, ìgbà tí owó kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó so báńkì pọ̀ ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀, báńkì tó ni káàdì náà ní tirẹ̀, nọ́ńbà kan ṣoṣo la sì fi ń wá ọ̀rọ̀ kan náà rí nínú gbogbo wọn. Ìlànà Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, tún là á kalẹ̀ pé kí kàmẹ́rà máa ya gbogbo ohun tó ń lọ níwájú ATM, àfi ìka tó ń tẹ nọ́ńbà àṣírí. Kí wá ni oníbàárà ní? Ó ní àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù, tó jẹ́ pé ohun tó sọ ni pé owó ti jáde. Ó lè ní rìsíìtì, bí bébà rìsíìtì kò bá tíì tán nínú ẹ̀rọ, ó sì máa ń tán. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ètò tó wà lọ́wọ́ alájọ ojoojúmọ́ nínú ọjà wa dára ju èyí lọ. Bí alájọ bá gba owó lọ́wọ́ ìyá aláta, á sàmì sínú ìwé tirẹ̀, á tún sàmì sórí káàdì tó wà lọ́wọ́ ìyá náà. Lọ́jọ́ tí àríyànjiyàn bá dé, ìwé méjì ni wọ́n á gbé kalẹ̀, wọ́n á sì fi wọ́n wé ara wọn lójú gbogbo èèyàn. Nídìí ATM, apá kan ṣoṣo ni ìwé wà. Báńkì ló kọ ọ́, báńkì ló ń tọ́jú rẹ̀, ibi tó bá sì wu báńkì ló ń kà síta. Àwọn àgbà sọ pé agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ lápá kan náà ni ẹni tí wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

CBN rí ìyà tó wà nínú èyí, ó sì ṣe nǹkan sí i. Láti ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 2020 ni àṣẹ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ pé, bí oníbàárà bá lo ẹ̀rọ báńkì tirẹ̀ tí owó ò jáde, kí owó padà lójú ẹsẹ̀. Bí ìṣòro ẹ̀rọ kò bá jẹ́ kó padà fúnra rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ báńkì dá a padà láàárín wákàtí 24. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ báńkì mìíràn, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 48 lọ, dípò ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Fún POS àti ọjà rírà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wákàtí 72. Wọ́n tún fún àwọn báńkì ní ọ̀sẹ̀ méjì pé kí wọ́n fi parí gbogbo ẹ̀sùn tó ti pẹ́ nílẹ̀. Àṣẹ tó dára ni, mo sì mọ rírì rẹ̀, nítorí ó sọ fún báńkì pé dídúró oníbàárà kì í ṣe ohun ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n àkókò ni àṣẹ náà tẹnu mọ́. Báńkì tó bá dáhùn láàárín wákàtí 48 pé owó ti jáde, pé ẹjọ́ ti parí, ti pa àkókò mọ́, bẹ́ẹ̀ oníbàárà kò rí kọ́bọ̀ gbà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn ń kú sí nìyẹn. Lẹ́tà ìlà méjì á dé pé àwọn ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ẹ̀rọ sì ti san owó. Ohun tí wọ́n yẹ̀ wò, wọn ò ní sọ. Àkọsílẹ̀ wo ni wọ́n kà, iye wo ni wọ́n bá nínú ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n ka owó, wọn ò ní kọ ọ́ síbẹ̀. Nígbà mìíràn, ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ báńkì tó ni káàdì, pé òun fọwọ́ sí i kí ẹ̀rọ san owó, ni wọ́n ń pè ní ẹ̀rí pé ẹ̀rọ san án. Ọ̀tọ̀ ni kí á gbà kí nǹkan ṣẹlẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ fi èkíní rọ́pò èkejì.

Àwọn tó ń gbèjà báńkì máa ń tọ́ka sí Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011, abala 131, tó sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kí ilé ẹjọ́ dá òun láre lórí ọ̀rọ̀ kan ni kó fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Wọ́n ní oníbàárà ló sọ pé owó ò jáde, kó wá fi hàn. Òfin kan náà ní abala 140, lójú tèmi òun ló sì bá ọ̀rọ̀ wa mu jù: bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ní pàtó ni ìmọ̀ nǹkan wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹni náà ló gbọ́dọ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ta ló mọ iye bébà tí ẹ̀rọ fà ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí? Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ àpótí irin? Bí a bá ní kí oníbàárà fi hàn pé owó ò jáde, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ là ń ní kó mú ẹ̀rí rẹ̀ wá. Ọwọ́ òfìfo kò ní rìsíìtì.

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ ronú báyìí, kì í sì í ṣe àlá ọ̀sán gangan. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí báńkì Barclays ti gbé ẹ̀rọ apọwó kalẹ̀ ní Enfield lọ́dún 1967, òfin lórí owó sísan tí wọ́n ṣe ní 2017 sọ pé, bí oníbàárà bá ní owó tí wọ́n yọ kò lọ bó ṣe yẹ, ilé iṣẹ́ tó ń san owó ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó wà lákọsílẹ̀ dáadáa àti pé ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe ní 1978 àti ìlànà tó tẹ̀ lé e fún báńkì ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá láti fi wádìí. Bó bá fẹ́ lo ọjọ́ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí dé 45, ó gbọ́dọ̀ dá owó sínú àkáǹtì oníbàárà ná kó tó máa wádìí lọ. Bí ìwádìí bá fi hàn pé oníbàárà kò jàre, báńkì á sọ fún un, á sì gba owó rẹ̀ padà. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní London tàbí Houston ń jẹ àǹfààní àwọn òfin wọ̀nyí, ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn sì ń tò síwájú báńkì pẹ̀lú ìwé ẹ̀bẹ̀. Irú ATM kan náà ni àwọn méjèèjì lò, ọ̀nà kan náà ni ẹ̀rọ méjèèjì sì ń gbà kọ ìṣe wọn sílẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni ibi tí owó wà lákòókò ìwádìí.

Àtakò tó lágbára jù sí èyí ni pé àwọn oníbàárà kan ń purọ́. Òótọ́ ni, ẹni tó bá sì sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ kò tíì ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn kan á gba owó tán, wọ́n á ní àwọn ò rí i. Àwọn mìíràn mọ ọgbọ́n ẹ̀rọ: wọ́n á fa bébà díẹ̀ yọ láàárín, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀ kí ẹ̀rọ fà á padà, wọ́n á wá béèrè gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń tú irú wọn fó. Àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ ni, owó tí a kà nínú àpótí ni, àwòrán kàmẹ́rà ni. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ti ọwọ́ oníbàárà wá. Rìsíìtì tí a ń béèrè lọ́wọ́ olóòótọ́ kò lè mú òpùrọ́, ohun tó sì lè mú òpùrọ́, báńkì ló ní in, olóòótọ́ ì báà mú rìsíìtì wá tàbí kó má mú un wá. Bẹ́ẹ̀ ni dídá owó padà ná kò túmọ̀ sí pé kò ṣeé gbà mọ́. Láti 2014 ni nọ́ńbà BVN ti so gbogbo àkáǹtì ènìyàn pọ̀ mọ́ ìka ọwọ́ àti ojú rẹ̀. Ẹni tó bá purọ́ gba ₦20,000 kò lè sá lọ sí báńkì mìíràn kó di ẹlòmíràn. Mo gbà pé kí báńkì ṣọ́ ẹni tí ìwádìí ti fi hàn tẹ́lẹ̀ pé ó purọ́, kó mú owó irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró títí tí wọ́n á fi ka ẹ̀rọ tán. Ohun tí n kò gbà ni pé kí wọ́n torí ẹni tó purọ́ sọ gbogbo ẹni tó wọlé di afurasí. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní 2024 ni ₦70,000. Bí ẹ̀rọ bá jẹ ₦20,000 lára rẹ̀, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, ó sì lè jẹ́ owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọmọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lójú báńkì, nọ́ńbà tí kò tíì bára mu nínú ìwé ni iye kan náà. Ẹni tí dídúró kò pa lára ló yẹ kó dúró.

Àwọn kan á sọ pé ẹ̀bi báńkì oníbàárà kọ́, pé ẹ̀rọ báńkì ẹlòmíràn ló jẹ owó, pé àwọn náà ń retí èsì. Mo ti rí i pé òótọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka báńkì ń sọ nígbà tí wọ́n bá wí bẹ́ẹ̀. Àwọn gan-an kì í rí àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ báńkì kejì, wọ́n sì ń gba èébú lórí ohun tí kò sí níkàáwọ́ wọn. Àánú wọn máa ń ṣe mí. Síbẹ̀, oníbàárà kò bá báńkì tó ni ẹ̀rọ ṣe àdéhùn kankan. Báńkì tirẹ̀ ló fún un ní káàdì, tó sì sọ fún un pé ó lè lò ó níbikíbi tó bá rí àmì tó wà lára káàdì náà. Àwọn báńkì ń san gbèsè ara wọn lójoojúmọ́ nípasẹ̀ NIBSS, ilé iṣẹ́ tí wọ́n jọ dá sílẹ̀ ní 1993 fún irú iṣẹ́ yìí gan-an. Ọ̀nà wà láàárín wọn tí ọ̀kan fi lè béèrè owó lọ́wọ́ èkejì. Ọ̀rọ̀ ilé ni ìyẹn. Kí báńkì oníbàárà san owó oníbàárà rẹ̀, kó wá lọ bá báńkì tó ni ẹ̀rọ yanjú tiwọn, báńkì tó ni ẹ̀rọ tí kò bá sì mú àkọsílẹ̀ rẹ̀ wá lásìkò, kó gbà pé òun jẹ̀bi. Bí wọ́n bá ṣe é bẹ́ẹ̀, àwọn tó ni ẹ̀rọ á tètè máa ka owó inú rẹ̀, wọn ò sì ní máa kó owó gbígbó sí i.

Ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò gba àkókò púpọ̀. Wọ́n ní báńkì kọ́ ló ń fa wáyà, báńkì kọ́ ló ń pín iná. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n báńkì ló yan ibi tó gbé ẹ̀rọ sí, òun ló sì ń gba owó lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2025, CBN ti fọwọ́ sí i kí ẹni tó bá lo ẹ̀rọ báńkì mìíràn máa san ₦100 lórí ₦20,000. Bí ẹ̀rọ náà kò bá sí nínú ọgbà báńkì, wọ́n tún lè fi tó ₦500 lé e. Gbígba owó nẹ́tíwọ́ọ̀kì nígbà tó ń ṣiṣẹ́, kí oníbàárà wá ru ẹrù rẹ̀ nígbà tó bá já, n kò rí ibi tí ìyẹn ti bá ìdájọ́ òdodo mu.

Àtakò kan wà tó máa ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀wé: kí ló dé tí èèyàn ṣì ń wá owó bébà kiri, ṣé tiránsífà kò sí ni? Oṣù Kejì ọdún 2023 ti dáhùn ìbéèrè yìí fún wa. Nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà, tí owó tuntun kò tó, tí owó àtijọ́ kò sì lọ mọ́, gbogbo èèyàn ló yíjú sí tiránsífà lẹ́ẹ̀kan náà, ètò náà sì dákú lábẹ́ ẹrù. Owó kúrò lápá kan, kò dé apá kejì, olójà di ẹrù rẹ̀ mú, ẹni tó ra ẹrù dúró tì í, títí tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta pé owó àtijọ́ ṣì jẹ́ owó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà fi hàn pé ìṣòro ATM àti ti tiránsífà jẹ́ ọmọ ìyá kan náà: wọ́n yọ owó lápá kan kí apá kejì tó jẹ́rìí pé òun gbà á. Ẹni tó sá kúrò nídìí ATM nítorí ẹ̀rọ tó ń jẹ owó kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè ta ló máa mú ẹ̀rí wá. Ó kàn gbé e lọ sí ojú fóònù ni. Àwọn tó ṣì nílò owó bébà kò sì kéré: ẹni tó ń wọ mọ́tò láti Ìsẹ́yìn lọ sí oko, ẹni tó ń ná ọjà Bódìjà ní ìdájí, àgbàlagbà tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ń wọlé sínú àkáǹtì tí kò sì mọ fóònù lò.

Títí di ìgbà tí òfin á fi yí padà, ó di dandan kí oníbàárà ran ara rẹ̀ lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ kó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bí owó ò bá jáde, má ṣe kúrò níwájú ẹ̀rọ kíá, nítorí ẹ̀rọ lè pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣí ìlẹ̀kùn, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ á sì bá owó níbẹ̀. Má ṣe tún káàdì bọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí àpótí bá ti há, owó kejì náà lè há bẹ́ẹ̀, ẹ̀sùn á wá di méjì. Kọ aago sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú rẹ̀, kọ ibi tí ẹ̀rọ wà, bí méjì bá wà lójú kan, kọ èyí tó o lò. Ìyàtọ̀ yìí ló ń pinnu bóyá ẹni tó ń wá àkọsílẹ̀ rẹ á rí i. Ìlànà CBN sọ pé nọ́ńbà fóònù tí èèyàn lè pè gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀rọ. Fi ẹ̀sùn rẹ sínú ìwé tàbí íméèlì, kí o sì gba nọ́ńbà tí wọ́n fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, torí ẹ̀sùn ẹnu kì í ní ọjọ́ ìbí. Ẹni tó bá pè ọ́ lẹ́yìn náà pé òun fẹ́ bá ọ dá owó padà, tó wá béèrè nọ́ńbà àṣírí tàbí nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì, olè ni; ohun tí báńkì fi ń dá owó padà kò sí lẹ́yìn káàdì. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí báńkì kò yanjú rẹ̀, ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní CBN wà fún irú rẹ̀, wọ́n á sì béèrè nọ́ńbà ẹ̀sùn tó o gbà ní báńkì.

Bí lẹ́tà ìlà méjì bá wá dé pé owó ti jáde, má ṣe padà síbẹ̀ lọ bẹ̀bẹ̀. Kọ̀wé padà, kí o béèrè ohun mẹ́ta: àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú yẹn, iye tí wọ́n bá nínú ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n kà á lẹ́yìn ọjọ́ náà, àti àwòrán kàmẹ́rà. Tètè béèrè, kí wọ́n má baà sọ pé àwòrán ti parẹ́. Ìrírí mi ni pé ẹ̀sùn tó béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí ní orúkọ wọn máa ń kúrò lórí tábìlì ẹni tó ń fọwọ́ sí lẹ́tà lásán, á sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè ka àkọsílẹ̀. Ní Èkó, ilé ẹjọ́ fún gbèsè kékeré ti wà láti 2018 fún owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n fẹ́ kí ẹjọ́ fi parí níbẹ̀, èèyàn sì lè ro ẹjọ́ ara rẹ̀ láìgba lọ́yà. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ATM, kó kọ́kọ́ bẹ adájọ́ pé kí báńkì kó àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ àti ìwé kíkà owó ọjọ́ náà wá síwájú ilé ẹjọ́, kí ẹnikẹ́ni tó dá ọ̀rọ̀ rìsíìtì sílẹ̀.